Ìdíje láàrin Àwọn Ètò tí ń Darí Fóònù ní Èkó

Ohun tí a óò gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìdí tí Android fi borí àwọn ètò mìíràn tí ń darí fóònù ní Èkó. Èrò tiwa ni pé iye owó àti bí ètò ṣe bá ìlò wa mu ni ó pinnu rẹ̀.

Symbian ti Nokia kì í tètè jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n kò bá fóònù tí a ń fọwọ́ tẹ lójú mu dáadáa. Ní 2011, Nokia yan ètò Microsoft dípò rẹ̀. BBM ni ó gbé BlackBerry ga. Síbẹ̀, títí di 2013, ẹni tí kò bá ní BlackBerry kò lè lò ó, WhatsApp sì gba ipò rẹ̀.

Apple nìkan ni ó ń ṣe fóònù tí ń lo iOS. Google ní tirẹ̀ yọ̀ǹda Android fún ilé-iṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀nà yìí ni Tecno àti Infinix gbà ta fóònù olówó pọ́ọ́kú onísíìmù méjì. iPhone kò ní irú rẹ̀ títí di 2018. Ní Ìlúpéjú, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá dákú, ènìyàn a bọ́ sórí èkejì.

Inú agbára yìí kan náà ni àléébù Android wà. iPhone 6s ti 2015 gba iOS 15 ní 2021. Ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kì í rí àtúnṣe gbà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù ni àtúnṣe wà. Ní báyìí tí a ń fi fóònù sanwó, ètò tí a kò tún ṣe mọ́ dà bí ilẹ̀kùn tí a kò tì. Ní ìparí, a gbà pé Android ni ó bá àpò wa mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún.