Láti Àáró dé Áláàtì

Àwa mẹ́rin la jọ gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìwó Road, ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn ara wa ju bó ṣe yẹ lọ; epo jẹnẹrétọ̀ la fẹ́ máa jọ dá owó rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan náà ló gbà wá síṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ọ̀gá wa wà ní ìlú mìíràn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yòókù fọ́n káàkiri, orí Zoom la ti ń rí ojú ara wa nígbà tí dátà bá gbà. Tó bá di ìparí oṣù, áláàtì á dún. Ó parí.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kú. Òṣogbo ni ẹni yìí ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp iléeṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kí wákàtí kan tó pé, ó lé ní ogún èèyàn tó ti fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́. Àwa náà fi tiwa ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni pé kí iṣẹ́ àná wọlé kó tó di aago mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni wa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún méjì la ti jọ ń ṣiṣẹ́, a ò rí i lójúkojú rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti wíńdò wa la ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò Òṣogbo.

Nínú oṣù yẹn náà ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ilé wa kú. Àwọn yẹn ti ṣọ́ọ̀bù. Alága ẹgbẹ́ wọn gba iye kan lọ́wọ́ olúkúlùkù, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ sìnkú. Ọmọkùnrin kan wà tí kò lọ, tó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu. A bi alága léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìfẹ́ tó jẹ́ pé owó ìtanràn ló gbé e dúró, ṣé ìfẹ́ ṣì nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, ta ló ń sọ ti ìfẹ́ níbí? Tèmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ kan.”

Ìdáhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Òun ló mú ká bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ìwé ìtàn, ká lè mọ bí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú wa ṣe ń jẹ́ èèyàn fún ara wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti oko bẹ̀rẹ̀. N. A. Fádípẹ̀ parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ìgbé ayé Yorùbá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939. Ó ti kú kí Ibadan University Press tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970, tí wọ́n pè é ní The Sociology of the Yoruba. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà méjì tí àwọn baba wa ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lóko: àáró àti ọ̀wẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń pa méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ní ti àáró, àwọn ọ̀rẹ́ tàbí àwọn tí oko wọn sún mọ́ra ló ń kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á ya lọ sóko Àjàní. Lọ́la, oko Àkànbí. Lọ́túnla, oko Àlàbí. Bí wọ́n bá ṣe ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n á ṣe fún ẹni ìkẹyìn. Gbèsè ni, ẹni tó bá jẹ ẹ́ máa san án.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀, bí ilé kíkọ́ tàbí igbó ṣíṣán, ló ń bẹ èèyàn lọ́wẹ̀: ará, ọ̀rẹ́, àti àwọn tó fẹ́ ọmọ rẹ̀. Á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kóńkó jabele; kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ kó lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó, tí bàbá ìyàwó ò sì ní wá sóko tirẹ̀ láéláé.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe inú rere nìkan ló gbé àáró ró. Yíyípo rẹ̀ ni. Ẹni tó ń làágùn lóko Àjàní lónìí mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Kóríyá rẹ̀ nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dìde tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí fún un.

Àwọn baba wa ṣe owó náà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tó jáde ní 1921, ó ṣàlàyé èésú: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á dá iye kan náà lọ́jọ́ kan náà níbi kan náà, lábẹ́ olórí kan, ẹnìkan á sì kó gbogbo rẹ̀ títí tó fi máa kárí. Àṣà yìí lágbára débi pé ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Títí dòní, wọ́n ṣì ń dá a ní Trinidad, susu ni wọ́n sì ń pè é. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọn ò rí yíyípo yẹn gbà.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní 1901, irú iṣẹ́ mìíràn bá a dé: iṣẹ́ oṣù. Aago ló ń pe òṣìṣẹ́, ọ̀gá tí kò mọ ojúlé rẹ̀ ló ń sanwó fún un. Èèyàn lè rò pé ibẹ̀ ni àáró á kú sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1945. Ogun àgbáyé ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti reluwé tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn sì wà níwájú. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó padà. Kí ni wọ́n ń jẹ láti ọjọ́ yìí? Àwọn ìyá ọlọ́jà wà lára àwọn tó gbà wọ́n: wọ́n ń ta oúnjẹ àwìn fún wọn. Àwọn ìyá yẹn mọ̀ pé owó òṣìṣẹ́ ló ń wọ ọjà. Bí ọjà ṣe gbé wọn dúró lónìí, ọjọ́ ọjà náà ń bọ̀. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n fowó kún owó ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ́fíìsì ló so àwọn èèyàn yẹn pọ̀. Àwọn fúnra wọn ló so ara wọn pọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ṣe tiwọn. Ní 1953, Peter Lloyd kọ̀wé lórí ètò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Yorùbá. Ó rí i pé àwọn iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bíi télọ̀ àti káfíńtà, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń pe ìpàdé, tó ń parí ìjà, tó sì ń fòfin de ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Archibald Callaway rìn káàkiri Ìbàdàn, ó sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún iléeṣẹ́ kéékèèké níbẹ̀, tí ọmọṣẹ́ kún inú wọn. Kí ló ń mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dúró níbi tí wọn kì í ti í sanwó oṣù fún un? Fírídọ̀ọ̀mù ni. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á kúnlẹ̀, tí ọ̀gá á gbàdúrà lé òun lórí, tí wọ́n á se ìrẹsì, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí gbogbo ẹgbẹ́ á sì jẹ́rìí pé òun náà ti di ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn dájú, ìdí nìyẹn tó fi lè fara da àná àti òní.

Ìwó Road wá ńkọ́? Ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìwó ló sọ àdúgbò lórúkọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ibẹ̀ di oríta ńlá, èrò Èkó, èrò Ifẹ̀, èrò Òṣogbo. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní 2001, iṣẹ́ tí baba ńlá ẹnikẹ́ni ò ṣe rí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: títún fóònù ṣe. Kò sí oríkì iṣẹ́ náà, kò sí ìdílé tó ni ín. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní alága, akọ̀wé, ọjọ́ ìpàdé, èésú, fírídọ̀ọ̀mù àti owó ìtanràn. Iṣẹ́ tuntun ni. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ká má purọ́ fúnra wa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. A mọ ọmọṣẹ́ tó jẹ́ pé aṣọ ìyàwó ọ̀gá ló fọ̀ lọ́dún kìíní, kò fọwọ́ kan irinṣẹ́. A mọ ẹgbẹ́ tí alága rẹ̀ sọ owó ìtanràn di oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí kò ti sí ìrẹ́jẹ, kó má wá a lọ sáyé àtijọ́.

Àwọn òyìnbó náà wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1924 wọ àwọn ọdún 1930, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ Hawthorne, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa á mú kí òṣìṣẹ́ ṣe sí i. Ìdáhùn tí Elton Mayo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde níkẹyìn ni pé àjọṣe òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ara wọn, àti kíkà tí wọ́n bá kà wọ́n sí, ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n rí òun bí èèyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé lójú tiwa. Àwọn ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n fi yíyípo sílẹ̀. Nínú ìpàdé orí Zoom wa, “ẹbí ni wá” kì í wọ́n lẹ́nu. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó gbọ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n oko ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wa ń ro, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n á wá sí tiwa. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ wá, àáró ni wọ́n ń pè é. Owó ń wọlé lóòótọ́, a ò sì kóyán rẹ̀ kéré. Owó ń san iṣẹ́ tí a ṣe. Kò lè san ti èèyàn tí kò wá sìnkú ìyá rẹ.

Àbùkù náà kì í sì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Àwa náà jókòó, a ń retí kí iléeṣẹ́ wá so wá pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ 1945 ò retí ẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ò retí ẹ̀. Àwa tí a mọ nọ́ńbà ara wa lórí, tí ọkọ̀ Òṣogbo wà lábẹ́ imú wa, àwòrán ojú tó ń sunkún la fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀. Ìsìnkú ti kọjá tipẹ́, ẹni wa sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Ó jáde wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ohùn dá wa mọ̀: “Ìwọ lo máa ń rẹ́rìn-ín ní ìpàdé. Ìwọ ni iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́.” A bẹ̀bẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a jẹun tán, ó sọ òótọ́: pé ọjọ́ yẹn, aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni òun fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, láti ẹ̀yìn ilé, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò rí nǹkan sọ.

A ti bẹ̀rẹ̀ èésú báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù la ń pàdé, lójúkojú, ní yàrá Ìwó Road. Ẹni tó bá kàn, iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń dà á láàmú la máa jọ jókòó tì kó tó kówó: ẹnìkan mú ìwé tó fẹ́ fi wá iṣẹ́ tuntun wá, ẹnìkan mú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá wá á san 1,000 náírà. Alága ìsàlẹ̀ ló bá wa kọ òfin rẹ̀, ó sì ní owó ìtanràn wa kéré jù.

Márùn-ún la jẹ́. Ti Òṣogbo ló máa kó ti oṣù tó ń bọ̀, nítorí náà kì í ṣe Ìwó Road la ti máa ṣe ìyẹn. Àwa la máa wọ ọkọ̀ lọ bá a.