Orílẹ̀-èdè Tí A Fi Wọ́fà: Rọ́bà, Gbèsè àti Agbára Amẹ́ríkà ní Làìbéríà, 1926–1935

Ẹni tó bá gba Karmo kọjá, ní Àbújá, yóò rí àwọn tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Lára orúkọ tí a máa ń bá lára táyà ni Firestone wà. Orúkọ ènìyàn ni: Harvey Firestone, tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1900. Bí orúkọ náà ṣe wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí a gbà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, ìwọ̀fà, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàn yìí ju ‘àmúnisìn’ tí a sábà máa ń lò lọ.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, jẹ́ kó yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọlúàbí tó ní ilé àti ẹbí ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó rẹ̀ ni èlé orí owó tí a yá, iṣẹ́ náà kò sì dín gbèsè kù. Ọjọ́ tí a bá san ojú owó ni ó tó bọ́.

Ogun ni Amẹ́ríkà fi gba Puerto Rico, Guam àti Fílípìnì lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898. Rọ́bà kò gba ogun. Irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1908 ti lé ní mílíọ̀nù 15 kí ó tó dá a dúró ní 1927. Gbogbo wọn ló fẹ́ táyà, igi rọ́bà kò sì hù ní Ohio. Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìlà-Oòrùn ayé, Malaya àti Ceylon, ni ọ̀pọ̀ rọ́bà ti ń wá. Ní 1922, Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dín iye tí a lè kó jáde kù kí owó rẹ̀ lè gòkè. Firestone bínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀ tirẹ̀.

Làìbéríà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Láti 1847 ni orílẹ̀-èdè náà ti ń dá ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó ti yá owó ní 1871, ní 1906 àti ní 1912. Àdéhùn 1926 fún Firestone ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, ní sẹ́ǹtì 6 lórí éékà kan lọ́dún. Ó tún fi dandan lé e pé kí ìjọba yá mílíọ̀nù 5 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ni yóò sì máa ṣọ́ àpò ìjọba. Ẹni tó gba ilẹ̀ ni ó tún di olówó.

Ní 1930 ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, Christy ará Gẹ̀ẹ́sì, Charles Johnson ará Amẹ́ríkà àti Arthur Barclay tó ti ṣe Ààrẹ Làìbéríà rí, ṣe ìwádìí lórí ẹrú àti iṣẹ́ àfipáṣe níbẹ̀. Wọ́n rí i pé a ń fi ipá kó ènìyàn lọ sí Fernando Po. Wọ́n tún rí i pé àwọn ènìyàn ń fi ọmọ wọn wọ́fà, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ààrẹ King àti Yancy, igbákejì rẹ̀, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Wọn kò rí ẹ̀rí pé Firestone mọ̀ọ́mọ̀ lo òṣìṣẹ́ àfipáṣe. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró níbí o: bàbá tó fi ọmọ yáwó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n gbèsè tí ìjọba fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ tí a rán wọn.

Owó rọ́bà já wálẹ̀ kíkankíkan. Ní 1932, ìjọba Edwin Barclay kọ̀, kò san gbèsè mọ́. Azikiwe gbè sẹ́yìn Làìbéríà nínú ìwé tó kọ ní 1934. Nígbà tó di 1935, àdéhùn tuntun sọ èlé di ìdá 5.

Níbì kan, àfiwé wa kò péye. Olówó kì í gba oko ìwọ̀fà. Bí ìwọ̀fà bá ti ṣe iṣẹ́ olówó tán, oko tirẹ̀ ni yóò gbà lọ. Làìbéríà san gbèsè náà tán nígbà ìjọba Tubman, oko rọ́bà kò sì kúrò níbẹ̀. Harbel ni a ń pe ìlú tó wà nínú oko náà títí di òní: orúkọ Harvey ni a kán mọ́ ti Idabelle, ìyàwó rẹ̀.