Owó Gbà-máà-bínú àti Ojú Wẹ́dà

Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọn kò jágbe mọ́ rí nítorí iná wẹ́dà. "Gbójú kúrò níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni?" A ó gbójú kúrò, a ó tún yọjú wò ó. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ẹni tó ń jó irin náà, òun tó jẹ́ pé gíláàsì dúdú lásán ló fi bojú, tó bá wá di òru, ojú á máa ta á bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i.

Ní sáà tó kọjá, iná jó ọmọṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ilé tí mẹ́ta nínú wa ń gbé. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú: òun ló gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, ó san owó oògùn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fún ìyá ọmọ náà ní owó díẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Gbogbo àdúgbò ló pe owó yẹn ní owó gbà-máà-bínú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kì í lè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká kọjá lára rẹ̀. Gbà, má bínú. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnìkan ti ṣẹ ẹnìkan, ẹni tó ṣẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá ṣe wù ú ló ṣe máa mọ ìwọ̀n ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn oníròyìn ń lò fún owó tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí a tú ìtàn òfin náà wò, a rí i pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é gan-an ni kí òṣìṣẹ́ má baà dúró de àánú ẹnikẹ́ni.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ló ni iṣẹ́ irin. Bàbá, ọmọ àti àbúrò ló jọ ń wà nídìí ẹwìrì. Bí iná bá jó alágbẹ̀dẹ, agbo ilé tó ti ń jẹ lára iṣẹ́ rẹ̀ náà ló máa bọ́ ọ. (A kò sọ pé ayé ìgbà náà dùn fún gbogbo èèyàn o. Ẹrú àti ẹni tí kò lẹ́bí lè ní ìtàn mìíràn láti sọ.) Iṣẹ́ olówó-oṣù ló yí i padà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin rélùwéè láti Èkó. Nígbà tó di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Àwọn ọmọkùnrin tó fi agbo ilé sílẹ̀ wá ń fi òòlù àti iná jẹun lábẹ́ ọ̀gá tí kì í ṣe ẹbí wọn.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba amúnisìn gbé wá, òfin ọ̀hún kò sì fojúure wo òṣìṣẹ́. Ní 1837, ọmọṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Priestley gbé ọ̀gá rẹ̀, apẹran kan tó ń jẹ́ Fowler, lọ sí kóòtù. Wọ́n di ẹrù pa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kẹ̀kẹ́ dojú dé, itan ọmọṣẹ́ náà kán. Kóòtù ní ọ̀gá kò jẹ̀bi: ṣé ọmọṣẹ́ náà kò lè kọ̀ pé òun kò gun kẹ̀kẹ́ ni? Orí ẹjọ́ yìí ni àwọn adájọ́ mìíràn gùn lé láti sọ pé bó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe ọ́ léṣe, ọwọ́ ọ̀gá mọ́. Lójú tiwa, ẹni tí ebi kò pa rí ló lè sọ fún ọmọṣẹ́ pé kó kọ iṣẹ́.

Jámánì ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1884, lábẹ́ Bismarck, wọ́n ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá owó jọ, kí wọ́n máa fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa, láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi. Bismarck kò ṣe é nítorí ìfẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ sósálístì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1897: ìdajì owó ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn kan lọ. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú.

Ọdún 44 lẹ́yìn náà kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dé Nàìjíríà, ní 1941. Ní September ọdún yẹn kan náà, Michael Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè jáde láti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba. Owó ọ̀yà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfarapa. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ wà nínú ọdún kan, a sì fẹ́ràn láti máa rántí wọn pọ̀.

Òfin 1987 tó rọ́pò ti àtijọ́ ṣì ń san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: owó oṣù 42 bí òṣìṣẹ́ bá kú, oṣù 54 bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá mọ bí owó ńlá ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ á mọ̀ pé kì í pẹ́ tán.

Ti December 2010 ló yà wá lẹ́nu jù. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá á máa gba ìdá 90 nínú 100 owó rẹ̀ lóṣooṣù. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á gba ìdá 90. Opó tí kò lọ́mọ lè gba tó ìdá 60. Òfin náà kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà sọ́dọ̀ àjọ NSITF. Ó ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Èwo ni wọ́n wá pè ní òṣìṣẹ́? Ó dárúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó dárúkọ àwọn iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ilé wa wà nínú ìwé.

A kó ẹ̀dà òfin náà lọ bá ọ̀gá. Ó jókòó, ó fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti máa dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san, ó rẹ́rìn-ín.

"Owó oṣù wo? Àwọn ló ń sanwó ẹ̀kọ́ fún mi, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì."

Òótọ́ ni. Ìdá 1 nínú òdo, òdo náà ni. Àwọn tó ṣe òfin rántí ọmọṣẹ́, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń sanwó oṣù ni ìṣirò wọn bá mu. Ọ̀gá yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní ká wo ojú òsì òun, funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Ó béèrè ta ni ọ̀gá tòun tó máa sọ fún láàárín ọjọ́ 14. A kò rí èsì fún un. Ó wá ní bóyá ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ló yẹ kó forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, kí wọ́n máa dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dá ti ìsìnkú. A bá a kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ní òun á mú un lọ sí ìpàdé.

Ọmọṣẹ́ náà ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ òsì ló fi ń di irin mú fún àwọn yòókù báyìí, tí wọ́n bá sì tan iná, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.