Èrè Orí Ìwé Kì í Ṣe Owó Inú Àpò

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú dáadáa yóò mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni àkùkọ tó ń jí àdúgbò náà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, pósítà àwọn olóṣèlú: láti òpópónà Shipeolu títí dé Bajulaiye ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, èmi náà a máa lọ síbẹ̀ dáadáa.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan fẹ́ kí n wá dókòwò pẹ̀lú òun. Ó ní ilé ìtẹ̀wé òun jèrè mílíọ̀nù 4 náírà lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé ìṣirò yìí." Ìwé náà ń dán, wọ́n sì dì í pọ̀ bí ìwé àdúrà. Mo rẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó mọ̀ pé ìwé tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí pé òtítọ́ ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Ṣómólú ni.

Kí n tó sọ ohun tí a rí nínú ìwé náà, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òfin tó de ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ lónìí ló ní ọgbẹ́ tó bí wọn.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàì mọ ìṣirò owó. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921. Nínú èsúsú, àwọn tó ń dá owó mọ ara wọn, wọ́n mọ ilé olórí wọn, ojú wọn ni a sì ṣe ń ka owó. Àmọ́ nígbà tí òwò di ti ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó ni owó lè wà ní Bàríga kí ẹni tó ń ná an wà níbòmíràn. Ìwé ìṣirò ló wá di ojú tí olówó fi ń rí owó rẹ̀. Bí ojú náà bá fọ́, olówó di afọ́jú.

Ìyà àìmọ̀ṣirò kò pẹ́ kó tó jẹ wá. Ní ọdún 1929 ni wọ́n dá Industrial and Commercial Bank sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ọdún kejì rẹ̀ ló wó, àìmọ ìwé owó tọ́jú àti ìkówójẹ sì wà lára ohun tó pa á. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn báǹkì mìíràn tún hù bí olú. Òfin báǹkì àkọ́kọ́ dé ní ọdún 1952. Nígbà tó fi di 1954, 21 nínú báǹkì ọmọ ilẹ̀ wa 25 ló ti kógbá sílé. Owó àwọn ìyálọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ bá wọn lọ.

Ní ọdún 1952 yẹn kan náà ni Akintola Williams dá ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. CMS Grammar School ló lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàríga lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Erékùṣù Èkó ló wà nígbà tirẹ̀. Ní 1949, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè akántáǹtì àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí òfin dá ẹgbẹ́ àwọn akántáǹtì, ICAN, sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: iṣẹ́ tí irú wọn ń ṣe ni pé kí àjèjì tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yẹ ìwé owó wò, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Òfin ọdún 1972 tó fi ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wa mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ra ìpín ìdókòwò. Àmọ́ bí oníkálukú ṣe fẹ́ ló ń ṣírò. Ní 1982, wọ́n dá àjọ NASB sílẹ̀ láti ṣe ìlànà kan náà fún gbogbo ilé-iṣẹ́. A rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò bùṣe. Ní ìparí ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Cadbury Nigeria, àwọn tó ń ṣe Bournvita, jẹ́wọ́ pé wọ́n ti ń bu èrè lé èrè nínú ìwé ìṣirò fún ọdún mélòó kan. Ohun tí wọ́n fi kún un wà láàrin bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà. Lára ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n a kó ọjà jọ pelemọ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà, wọ́n a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tà. Wọ́n tún ń sún ìnáwó ọdún yìí sí ọdún tó ń bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ibi tó dunni jù nínú ìtàn yìí nìyí: Akintola Williams Deloitte, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà, ni ó ń yẹ ìwé Cadbury wò. Bàbá ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 1983, kò sì lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 2008, àjọ SEC tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ìdókòwò bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà lé ilé-iṣẹ́ náà. Orúkọ rere dára, àmọ́ kò gba ipò ojú ẹni tó ń ka ìwé.

Ọdún yẹn kan náà ni ọjà ìpín ìdókòwò ṣubú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ lé ní 66,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Kí ọdún tó parí, ó ti já sí nǹkan bí 31,000. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, báńkì àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi bílíọ̀nù 420 náírà gbé àwọn báńkì náà dìde. Gbèsè tí kò lè padà wá mọ́ ni wọ́n ti ń kà mọ́ ọrọ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní 2011, òfin tuntun sọ NASB di FRC, ó sì fún un ní eyín láti bunijẹ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá orí ọjà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ sí lo ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní IFRS. Méjì nínú ìlànà náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. IFRS 15 ní ọjà kò tíì tà lójú ìwé àyàfi bí agbára lórí rẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ olùtà bọ́ sọ́wọ́ olùrà. IFRS 9 ní kí a tètè yọ iye tó ṣeé ṣe kí onígbèsè má san, kí a má dúró dìgbà tó bá sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìlànà wọ̀nyí wá sí Ṣómólú. Oníṣòwò tó fún ọ̀dọ́kùnrin yìí níwèé kọ pé òun ta mílíọ̀nù 12, òun ná mílíọ̀nù 8, èrè sì jẹ́ mílíọ̀nù 4. Mo ní kí ó lọ béèrè iye tí àwọn oníbàárà ti san. Ìdáhùn dé: mílíọ̀nù 5 ṣì wà níta. A jẹ́ pé mílíọ̀nù 7 ló wọlé, mílíọ̀nù 8 ló jáde. Lójú ìwé, ó jèrè. Nínú àpò, mílíọ̀nù kan ló dín.

A tún wò ó síwájú sí i. Mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀ nínú gbèsè náà wà lọ́rùn olóṣèlú kan tó tẹ pósítà, tó sì fìdí rẹmi nínú ìbò. Ta ni yóò san án? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n rà á, ọdún 5 ni wọ́n sì retí pé yóò ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 2 nínú rẹ̀ ló ń gbó lọ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé. Bí a bá yọ méjèèjì kúrò nínú mílíọ̀nù 4, èrè di àdánù ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà.

N kò sọ pé onítọ̀hún ń purọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀ pé òun ń jẹ gbèsè. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi wúlò fún un pẹ̀lú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òun tiẹ̀ ní ìwé tí a lè bi léèrè. Àwọn kan kò ní nǹkan kan. MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàrin oṣù kan, ó sì dàwátì ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ta ló yẹ ìwé wọn wò? Òwò wo ni wọ́n ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò béèrè títí owó fi lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ máa mú lọ́wọ́ kí ẹ tó yọ owó. Èló ló wọlé ní tòótọ́, kì í ṣe èló la tà? Ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè, ṣé yóò san? Kí ló ń gbó tí a kò kà? Ta ló yẹ ìwé náà wò, ta ló sì ń sanwó fún un?

Ọ̀dọ́kùnrin náà ti kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn ìwé tó ń dán yẹn, ó sì ti gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.