Bí Iná Ṣe Wọ Inú Game Boy

Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Game Boy ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù tí à ń mú lọ́wọ́ ni, tí à ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́yìn, kò sì tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 1989 ni ó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ lónìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń wá a kiri láti rà. Bí wọ́n bá sì rà á tán, wọn a tú u, wọn a sì pa á dà. Kí ní dé tí ohun tí ó ti gbó báyìí fi ń rí olùtọ́jú? Ìtàn rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ìtàn náà dá lórí iná, iná tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ̀ láti fi sí i.

Ilé iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto kò fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ rárá. Káàdì títa ni wọ́n ń ṣe láti ọdún 1889, irú èyí tí àwọn ará Jàpáànù máa ń ya òdòdó sí lára. Ní ọdún 1965 wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gunpei Yokoi, kí ó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe káàdì. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀ níbẹ̀, ni ó bá ṣe ohun ìṣeré kan fún ara rẹ̀, apá gígùn tí ń nà tí ó sì ń ká, tí a lè fi mú nǹkan láti òkèèrè. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rí i. Ẹni tí ọ̀gá bá bá lẹ́nu eré níbi iṣẹ́ a máa retí ìbáwí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí ní kí ó sọ ọ́ di ọjà. Ó jáde ní 1966, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú irin ni Yokoi wà ní ọjọ́ kan tí ó rí òṣìṣẹ́ kan tí ìrìn-àjò ti sú, tí ó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ṣeré. Láti ibẹ̀ ni èrò Game & Watch ti wá, géèmù àmúlọ́wọ́ tí Nintendo tà láti 1980. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí: kì í sáré tẹ̀lé ohun èlò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tí ó ti pẹ́ lọ́jà, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo oníṣẹ́ ti mọ tinú tẹ̀yìn rẹ̀, ni ó máa ń wá ọ̀nà tuntun lò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe Game Boy. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ojú rẹ̀ lè fi hàn, gbogbo rẹ̀ sì rí bí ewé tí ó ti ń rọ. Kò ní iná. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọ tí ń ta géèmù níláti súnmọ́ àtùpà. Ní ọdún 1989 kan náà ni ilé iṣẹ́ Atari gbé Lynx jáde, aláwọ̀ mèremère, oníná. Nígbà tí ó di 1990, Sega gbé Game Gear tirẹ̀ dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyí, Game Boy dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ oko lọ sí òde ìyàwó. Ṣùgbọ́n bátìrì 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ, agbára káká ni wọ́n sì fi ń lo wákàtí 5. Bátìrì 4 ni Game Boy ń lò, ó sì lè tó wákàtí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, Lynx fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 180 dọ́là, Game Gear tó 150. Game Boy kò pé 90, wọ́n sì tún fi kásẹ́ẹ̀tì Tetris sí i, géèmù tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984. Òbí tí ó ń ra bátìrì mọ èyí tí yóò mú. Bí a bá ka Game Boy pọ̀ mọ́ Game Boy Color tí ó tẹ̀lé e ní 1998, wọ́n tà ju mílíọ̀nù 118 lọ.

Síbẹ̀síbẹ̀, òkùnkùn náà kò tán. Game Boy Pocket ti 1996 mọ́lẹ̀ díẹ̀ lójú, kò ní iná. Èyí tí ó ní iná, Game Boy Light ti 1998, ilẹ̀ Jàpáànù nìkan ni wọ́n ti tà á. Game Boy Advance dé ní 2001, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òkùnkùn biribiri ni! Àwọn tí wọ́n rà á kùn títí. Nígbà tí ó di 2002, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Triton Labs ta ohun èlò kan tí wọ́n pè ní Afterburner: ẹni tí ó bá rà á yóò tú ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò fi iná sí iwájú gíláàsì, yóò sì jó wáyà rẹ̀ mọ́ inú. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Nintendo fúnra wọn gbé Advance SP jáde pẹ̀lú iná. Ní 2005 wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ kan tí iná rẹ̀ dára jù. Yokoi kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Ó ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1997.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí ó ní àwọ̀ eérú bá gbogbo wọn lọ, láti orí ti àkọ́kọ́ dé SP. Èyí tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì ń fẹ́ Color tàbí Advance. Ẹ ṣọ́ra o: Nintendo DS ti 2004 àti Game Boy Micro ti 2005 ń gba kásẹ́ẹ̀tì Advance, ṣùgbọ́n wọn kò gba ti àtijọ́ rárá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tìtorí èyí rà á tán tí wọ́n wá ń ká ọwọ́ lérí. Analogue Pocket, tí ilé iṣẹ́ mìíràn gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ń gba gbogbo wọn, ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete. Ẹni tí kò fẹ́ tú nǹkan kan, kí ó ra ìyẹn. Ní tèmi, Advance ti 2001 ni mo fara mọ́: ó ń gba ti àtijọ́ àti tirẹ̀, bátìrì tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ni ó ń lò, kò sì ṣòro láti tú.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ilé bátìrì wò kí ẹ tó sanwó. Bí bátìrì bá ti jò síbẹ̀, ẹ óò rí ìpẹ́ funfun tàbí àwọ̀ ewé lára irin. Òwú tí a tẹ̀ bọ inú ọtí kíkan a máa bọ́ ọ kúrò, àfi bí ó bá ti jẹ wọ inú. Bí ìlà kan bá ti parẹ́ lójú Game Boy àkọ́kọ́, ìsopọ̀ ni ó ti tú lẹ́bàá gíláàsì. Irin gbígbóná tí àwọn aṣàtúnṣe rédíò ń lò, bí a bá rọra fi gba orí ìsopọ̀ náà, sábà máa ń dá a padà. Game Gear kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń jò, ohùn a lọ sílẹ̀, àwòrán a ṣá, ó sì di dandan kí a pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ẹni tí ó wọ aṣọ òde ni ó kọ́kọ́ gbó.

Lóde òní, ojú tuntun tí iná wà nínú rẹ̀ wà fún gbogbo wọn, àwọn ènìyàn sì ń fi í sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. N kò bá wọn wí, nítorí ojú ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún kì í ṣe ojú ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bátìrì yóò máa tètè tán. Gbèsè tí Yokoi kọ̀ láti jẹ ni ẹ ń jẹ. Ojú àtijọ́ tí ẹ bá yọ, ẹ má sọ ọ́ nù. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ju òkùnkùn lọ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí àwọn Pokémon àkọ́kọ́, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà, bí owó kọ́bọ̀, tí ó ń ṣọ́ ibi tí a ta géèmù dé. Orúkọ tí ọmọ kan tẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1998 lè wà níbẹ̀ títí di òní. Bí bátìrì náà bá kú, géèmù yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìrántí rẹ̀ yóò ti pa rẹ́. Àwọn tí wọ́n ní aago nínú, bí Pokémon Gold àti Silver, tètè ń kú ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá sì yọ ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀, ìrántí náà lọ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣe ẹ̀dà ìrántí náà. Ẹni tí kò ní in lè fi okùn ìsopọ̀ Game Boy kó àwọn Pokémon rẹ̀ lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bátìrì tí wọ́n ti jó ewé irin mọ́ lára ni kí ẹ rà, nítorí èyí tí ó wà níhòòhò lè bẹ́ bí irin gbígbóná bá kàn án. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó o mọ́ àyè rẹ̀, tí ó sì tutù, ẹ dá ẹ̀dà náà padà sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì wò bóyá orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀.