Odídẹrẹ́ St. Lucia àti Owó Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ẹgbẹ́ tí ó bá ń dá owó jọ lọ́dọọdún kò lè ṣàì bá ìbéèrè kan pàdé: nínú owó tí kò tó, èló ni kí a fi kọ́ ilé, èló ni kí a sì fi kọ́ ọmọ? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará St. Lucia, erékùṣù kan ní òkun Kàríbíánì, bá pàdé nígbà tí odídẹrẹ́ wọn fẹ́ run.

Ilẹ̀ náà kò tóbi. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 240 máìlì níbùú lóròó lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá sí wa. Ní àárín ọ̀rúndún 19, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, a kó àwọn ọmọ Áfíríkà kan tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ sí ibẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko. Ní agbègbè Babonneau, àwọn ìran wọn ń fi àgbò àti ẹdùn àrá bọ Ṣàngó títí wọ inú ọ̀rúndún 20, Kele sì ni wọ́n ń pe ìbọ náà. Ẹni tí ó bá ti rí kẹ́lẹ́ lọ́rùn oníṣàngó rí, ẹ̀rín á pa á bí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn.

Ẹyẹ tí mo ń wí, Jacquot ni wọ́n ń pè é. Kò rí bí odídẹrẹ́ tiwa tí a ń gba ìkóódẹ lára rẹ̀: ara rẹ̀ dàbí ewé tútù, ojú rẹ̀ dàbí aró, pupa sì wà ní àyà rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ ní ibòmíràn láyé. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn pa á jẹ. Àwọn mìíràn ń kó ọmọ rẹ̀ láti inú ihò igi, wọ́n ń tà á fún àwọn tí ń sin ẹyẹ nílé. Igbó tí ó ń gbé sì ń di oko. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, kò ju nǹkan bí 100 tí ó kù lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Butler, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni ó wá ṣèwádìí ẹyẹ náà. Gabriel Charles, ọmọ onílẹ̀, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ igbó, gbà á sí iṣẹ́. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tó ra ohun ńlá kan. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi gba olùṣọ́ igbó, mélòó ni wọn ì bá gbà, ta ni ì bá sì mú ìbátan rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí ẹyẹ? Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọdé. Ẹnì kan a gbé ìyẹ́ wọ̀ bí eégún, a di Jacquot, a wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ, àwọn ọmọ a sì bá a jó. A kọ orin sí i, a ya àwòrán rẹ̀ káàkiri, àwọn oníwàásù mú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ̀dá Ọlọ́run lọ sí orí àga ìwàásù. A tún kọ́ wọn pé igbó orí òkè náà ni ó ń pa omi tí gbogbo ilé ń mu mọ́.

Níbo ni owó ti wá? Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Àwọn onílé ìtura ní erékùṣù náà tẹ ìwé àlẹ̀mọ́ ọkọ̀ tí àwòrán Jacquot wà lára rẹ̀. Ohun tí ìjọba kò lè san, àwọn ará ilé dá a.

Ní 22 Fẹ́búárì 1979 St. Lucia gba òmìnira, ní ọdún kan náà ni Jacquot di ẹyẹ orílẹ̀-èdè. Ní 1980 a ṣe òfin tuntun tí ó mú ìyà àwọn tí ń pa á le sí i. Ní Ògúst ọdún yẹn kan náà ni ìjì Allen jà, ó sì fa igi igbó ya. Ọ̀pọ̀ rò pé ó parí. Síbẹ̀, ní 1990, àwọn ẹyẹ náà ti lé ní 300. Àwọn kan yóò ní òfin ni ó ṣe é. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀, àfi pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti ń lọ kí òfin tuntun tó dé, ó sì ṣòro fún bàbá láti gbé òkú ẹyẹ wọlé bá ọmọ tí ń kọ orin rẹ̀.

Ẹgbẹ́ RARE ti Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà yìí lọ sí St. Vincent, Dominica àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n owó tí a dá fún orin àti àwòrán a máa tán, ọmọ tuntun a sì máa wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Butler fúnra rẹ̀ ti dábàá pé kí owó àwọn àlejò tí ń wo igbó máa ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní 2012 a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn erékùṣù Kàríbíánì, Caribbean Biodiversity Fund: a kì í fọwọ́ kan ojú owó, èrè rẹ̀ ni a ń pín fún àpò owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, St. Lucia sì ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún 10 tí ó bá Jacquot jó ní 1979 ti lé ní 50 ọdún báyìí; ó ti dàgbà tó láti jókòó níbi tí a ti ń pín in.