Oògùn, Apakòkòrò àti Àwòfín

Inú mi kì í dùn bí mo bá ka ìwé pélébé tí wọ́n kọ fún àgbẹ̀ oníkòkó, tí mo wá bá nǹkan bí “ìṣàkóso alájùmọ̀ṣe fún kòkòrò aṣèpalára” pàdé níbẹ̀. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lóko ní Ìdànrè?

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ kòkó, àwọn kan kò ní wàhálà. Ajílẹ̀, apakoríko, gígé ẹ̀ka: ká máa lò wọ́n lọ. Àṣẹ́kù náà tó fún kẹ́míkà tó ṣẹ́ kù sínú kòkó, èyí tí ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi òfin díwọ̀n láti 2008.

“Oògùn” ni mo bá jà. Láti ayé Gamalín, kẹ́míkà àtijọ́ tó ń pa kòkòrò, ni àgbẹ̀ wa ti ń fín “oògùn” sí kòkó. Ohun tí à ń lò kí ara lè yá ni oògùn. Bí àìsàn bá le, a ó fi kún un. Bẹ́ẹ̀ lindane inú Gamalín ni Àdéhùn Stockholm kà mọ́ kẹ́míkà tí kì í tètè kúrò nílẹ̀, ní 2009. Àwọn kan ní ká pe ohun tí à ń fín yìí ní májèlé. N kò gbà. Májèlé ń sọ ohun tó ń ṣe fún ẹni tó jẹ ẹ́, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe lóko.

Apakòkòrò ni tèmi: a, pa, kòkòrò, ìlànà tó bí apẹja. Kò sì yọ kòkòrò kankan sílẹ̀. Àwọn tíntìnnítín tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri kí kòkó tó so wà nínú rẹ̀. Èèrà pupa tó ń fi ewé hun ilé, tó ń pa kòkòrò tó ń fa omi èso mu, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àrùn tó ń sọ èso di dúdú lásìkò òjò kì í ṣe ti kòkòrò. Apàrùn ni ká pe tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀nà tuntun tí ìwé pélébé náà pè ní ìṣàkóso alájùmọ̀ṣe: kí àgbẹ̀ yẹ igi wò, kó já èso tó ti dúdú dànù, kó má fín nǹkan kan àfi bí kòkòrò bá pọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fi “rí” àti “fín” ṣẹ̀dá orúkọ fún un yóò bá àrífín pàdé, ìwọ̀sí nìyẹn. Àwòfín ló yẹ. Yorùbá ti ń wo nǹkan fín tipẹ́, ìyẹn ni pé ká wò ó fínnífínní. “Fín” ti àgbẹ̀ sì dún nínú rẹ̀, lẹ́yìn “wò”. Bí iṣẹ́ náà ṣe tò gan-an nìyẹn. Oko àwòfín, kòkó àwòfín, àgbẹ̀ aláwòfín: ó rọ ẹnu bíi àjẹsára, kò sì sí àgbẹ̀ tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ rẹ̀ fún.